Ìtàn Ìgbésí Ayé Dókítà Helen Taussig, Ẹni Tí Ó Wo Òjìji Ọkàn Àwọn Ọmọdé

Púpọ̀ nínú àwọn ìtàn ìgbésí ayé tí a máa ń kà jẹ́ ti àwọn ọba, àwọn jagunjagun, àti àwọn tí wọ́n wá ilẹ̀ tuntun kiri. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, ìtàn obìnrin kan ni a fẹ́ sọ, tí kò jagun rí, tí kò sì ṣẹ́gun ìlú kankan, ṣùgbọ́n tí ó gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọdé lọ́wọ́ ikú nítorí pé ó ní sùúrù láti rí ohun tí àwọn ẹlòmíràn wò tí wọn kò rí. Orúkọ rẹ̀ ni Helen Brooke Taussig. Ohun tí ó mú kí a yan ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ohun ìyangàn fún wa rárá.

Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Imoru, ọmọdékùnrin kan wà nínú kíláàsì tí a ń kọ́. Ọmọ náà mọ ìṣirò ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí àwọn ọmọ bá ń sáré ní pápá, bí ó bá ti sáré díẹ̀, a lóṣòó sílẹ̀, a sì máa mí hẹlẹhẹlẹ títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. A kò bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe é. A pè é ní ọ̀lẹ lójú gbogbo kíláàsì, àwọn ọmọ sì fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a tún gba ìlú náà kọjá ní ọdún kejì, wọ́n sọ fún wa pé ọmọ náà ti kú, pé àbíkú ni. Kò sí ẹni tí ó wo inú àyà rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wá ìwé kà nípa àwọn ọmọ tí í máa lóṣòó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni a sì ti pàdé orúkọ Dókítà Taussig.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1898 ni a bí i ní ìlú Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́rin. Bàbá rẹ̀, Frank Taussig, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Harvard. Ìyá rẹ̀, Edith Guild, sì wà lára àwọn obìnrin tí ó kọ́kọ́ kàwé ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Radcliffe. Ọmọ tí a bí sínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ènìyàn yóò rò pé ìwé kò ní le fún un. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn lẹ́tà a máa dàrú mọ́ ọn lójú, kíkà ìwé sì jẹ́ ìyà fún un. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mọ́kànlá, ikọ́ ẹ̀gbẹ pa ìyá rẹ̀. Àìsàn kan náà mú òun pẹ̀lú, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé fún ọdún mélòó kan, ìdajì ọjọ́ ni ó lè lò ní ilé ẹ̀kọ́. Bàbá rẹ̀ ni ó jókòó tì í, tí ó fi sùúrù tọ́ ọ sọ́nà nínú ìwé kíkà, títí ó fi borí ìṣòro náà. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a fẹ́ di olùkọ́ kíyè sí èyí: ọmọ tí kò lè kàwé bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó padà wá kọ ìwé tí àwọn dókítà gbogbo ayé ń kà.

Ní ọdún 1917 ó wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Radcliffe. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Yunifásítì California ní Berkeley, ó sì gboyè níbẹ̀ ní ọdún 1921. Ó wá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard, tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn, kò gba obìnrin títí di ọdún 1945. Wọ́n gbà á láyè láti gbọ́ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kí ó jókòó lọ́tọ̀, jìnnà sí àwọn ọkùnrin. Ó fara mọ́ ọn. Lẹ́yìn èyí ó lọ sí Yunifásítì Boston. Níbẹ̀ ni olùkọ́ rẹ̀, Alexander Begg, gbé ọkàn màlúù kan lé e lọ́wọ́, tí ó sì gbà á níyànjú pé kí ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Lórí iṣan ọkàn màlúù yìí ni ó ti kọ ìwé ìwádìí rẹ̀ àkọ́kọ́, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1925. Kékeré ni nǹkan tí olùkọ́ náà ṣe, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ ọkàn ni obìnrin yìí fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe.

Olùkọ́ yìí kan náà ni ó ní kí ó gba Baltimore lọ, sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Johns Hopkins. Láti ìgbà tí a ti ṣí ilé ẹ̀kọ́ náà ní ọdún 1893 ni wọ́n ti ń gba obìnrin, nítorí pé àwọn obìnrin tí ó dá owó tí a fi ṣí i ti fi í ṣe àdéhùn pé bẹ́ẹ̀ ni kí ó rí. Helen Taussig di dókítà níbẹ̀ ní ọdún 1927. Ní ọdún 1930, Dókítà Edwards Park, tí ó jẹ́ olórí ìtọ́jú àwọn ọmọdé, fi í ṣe alábòójútó ibi tí a ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ọkàn ń yọ lẹ́nu.

Ní àkókò yìí gan-an ni ìdààmú mìíràn dé. Etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará: etí ni dókítà ọkàn fi í ṣiṣẹ́; dókítà ọkàn tí kò gbọ́rọ̀ dà bí onílù tí a so lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó kọ́ bí a ti í mọ ọ̀rọ̀ láti ara ètè ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ó sì ń gbé ọwọ́ rẹ̀ lé àyà àwọn ọmọdé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí àwọn ìka rẹ̀ fi ń mọ bí ọkàn ti ń lù, tí wọ́n sì ń mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ gbé ń ru gùdù tí kò yẹ kí ó ru. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ di etí rẹ̀.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a ṣàlàyé àìsàn tí ó dojú kọ. Apá méjì ni ọkàn ní. Apá ọ̀tún a máa ti ẹ̀jẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti tán nínú rẹ̀ gba inú iṣan ńlá kan lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ yóò ti gba afẹ́fẹ́ tuntun, yóò pọ́n, yóò sì padà sí apá òsì ọkàn, tí yóò wá tì í káàkiri ara. Ṣùgbọ́n láti inú oyún ni iṣan tí ó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ti ní àbùkù lára àwọn ọmọ mìíràn. Ó lè há jù, ó lè dí pátápátá, ẹ̀ka rẹ̀ kan sì lè má sí rárá. Bí ihò bá tún wà lára ògiri tí ó pín ọkàn sí méjì, ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ọ̀nà dé ẹ̀dọ̀fóró a ya gba ibẹ̀, a sì padà sínú ara láìgba afẹ́fẹ́. Nígbà náà ni ètè ọmọ, ahọ́n rẹ̀, àti èékánná rẹ̀ yóò ní àwọ̀ aró. Orí ìka rẹ̀ a wú rọ̀bọ̀tọ̀. Bí ó bá sáré díẹ̀, èémí rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Nígbà náà ni yóò lóṣòó, láìsí ẹni tí ó kọ́ ọ, nítorí pé bí ẹsẹ̀ bá ti ká, ẹ̀jẹ̀ tí ó pọ̀ sí i a máa rí ọ̀nà dé ẹ̀dọ̀fóró, ara a sì tù ú.

Ní ọdún 1888, dókítà ará Faransé kan ní ìlú Marseille, Arthur Fallot, ti ṣàpèjúwe àbùkù mẹ́rin tí ó máa ń wà pọ̀ nínú ọkàn irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú òkú tí a là ni a ti ń rí wọn. Ní ọdún 1930, bí a bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà, wọ́n a mi orí, wọ́n a sì dá a padà sílé. Èrò wọn ni pé, kí ni ànfààní mímọ àìsàn tí kò ní oògùn? Dókítà Taussig kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ mọ èwo gan-an nínú àwọn àbùkù náà ni ó wà lára ọmọ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ọmọ náà ṣì ń mí.

Ohun èlò tí ó lò ni ìmọ́lẹ̀ X-ray, tí Wilhelm Röntgen, ará Jámánì, ṣàwárí ní ìlú Würzburg ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 1895. Dókítà Park ni ó ra ẹ̀rọ náà fún ibi iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì tẹnu mọ́ ọn pé kí ó mọ ọ́n lò. Fluoroscope ni orúkọ rẹ̀. Kì í ya àwòrán tí kò mira. Inú òkùnkùn ni a ti í lò ó, òjìji ọkàn a sì hàn lójú dígí bí ó ti ń lù lọ́wọ́. Dókítà Taussig a wo ọmọ láti iwájú, a yí i sí ọ̀tún, a sì tún yí i sí òsì, kí ó lè mọ yàrá ọkàn tí ó tóbi jù àti èyí tí ó kéré jù. Ohun tí ó rí lára ọmọ kan, a kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọmọ náà bá sì kú, a lọ síbi tí a ti ń la òkú, kí ó lè fi ọkàn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wé òjìji tí ó ti rí.

Báyìí ni ó ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ohun tí ó fara pamọ́ fi hàn kedere. Lára ọmọ tí ara rẹ̀ le, iṣan ẹ̀dọ̀fóró a máa yọ gọnbu ní ẹ̀gbẹ́ òsì òjìji ọkàn. Lára àwọn ọmọ aláwọ̀ aró wọ̀nyí, kòtò ni ó wà níbẹ̀, ìdí ọkàn sì gbé sókè bí imú bàtà. Ẹ̀dọ̀fóró wọn mọ́ lójú dígí ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀ kò dé ibẹ̀. Ó wá dá a lójú pé kì í ṣe pé ọkàn àwọn ọmọ wọ̀nyí kò lágbára. Àìdé ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń pa wọ́n.

Ó tún ṣàkíyèsí ohun kan. Gbogbo ọmọ tí ó wà nínú oyún ni ó ní iṣan kékeré kan tí ó so iṣan ńlá ti ara pọ̀ mọ́ ti ẹ̀dọ̀fóró, tí í máa dí lẹ́yìn ìbí. Ó rí i pé ìgbà tí iṣan kékeré yìí bá dí gan-an ni ara àwọn ọmọ aláwọ̀ aró kan máa ń burú sí i. Ó rò ó pé, bí dídí rẹ̀ bá ń pa wọ́n, ṣíṣe òmíràn fún wọn lè gbà wọ́n là. Ní ọdún 1938, Dókítà Robert Gross ti fi iṣẹ́ abẹ dí irú iṣan bẹ́ẹ̀ tí ó kọ̀ tí kò dí ní ìlú Boston. Dókítà Taussig tọ̀ ọ́ lọ, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe ìdàkejì rẹ̀. Gross kò fẹ́ gbọ́. Ó padà sílé lọ́wọ́ òfo, ṣùgbọ́n kò sọ ìrètí nù.

Ní ọdún 1941, Dókítà Alfred Blalock wá di olórí àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Johns Hopkins. Ó mú olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ wá, ẹni tí kò yẹ kí àwa ọmọ adúláwọ̀ gbàgbé láéláé. Orúkọ rẹ̀ ni Vivien Thomas. Ọmọ-ọmọ ẹrú ni, a bí i ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní ọdún 1910, iṣẹ́ káfíńtà ni ó sì kọ́kọ́ kọ́. Ó fẹ́ di dókítà, ṣùgbọ́n nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, ilé ìfowópamọ́ tí ó tọ́jú owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí wọlé, owó náà sì bá a lọ. Ó wá gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ Blalock ní ọdún 1930. Iṣẹ́ olùwádìí ni ó ń ṣe, owó agbálẹ̀ ni wọ́n ń san fún un.

Nígbà tí Dókítà Taussig gbé èrò rẹ̀ síwájú àwọn ọkùnrin méjì yìí, wọ́n gbà á. Thomas ni ó fi nǹkan bí ọdún méjì ṣe é lára ajá, tí ó ń kọ́ bí a ó ti gé iṣan tí ń lọ sí apá, kí a yí i sísàlẹ̀, kí a sì rán an mọ́ iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Òun náà ni ó ṣe púpọ̀ nínú àwọn ohun èlò kéékèèké tí wọn yóò lò, nítorí pé irú wọn kò sí ní ọjà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1944, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan, ọmọ oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Kò wúwo ju ọmọ tuntun tí ó tóbi lọ. Blalock ni ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Thomas dúró lórí àpótí ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń tọ́ ọ sọ́nà, nítorí pé òun ni ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà jù lọ. Dókítà Taussig dúró, ó ń wo ọmọ. Ọmọ náà yè é. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọ̀ aró náà padà, wọ́n tún ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn fún un, ó sì kú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là. Ní oṣù Kejì ọdún 1945, wọ́n ṣe é fún ọmọ méjì mìíràn. Èkejì nínú wọn jẹ́ ọmọkùnrin tí ó ti lé ní ọdún mẹ́fà, tí kò lè rìn jìnnà mọ́. Bí wọ́n ti tú iṣan náà sílẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn, ètè rẹ̀ pọ́n lójú gbogbo wọn, lórí tábìlì níbẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà ni wọ́n kéde rẹ̀ fún ayé. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ wọn wá láti gbogbo Amẹ́ríkà àti láti òkè òkun. Orúkọ Blalock àti ti Taussig ni a fi pe iṣẹ́ abẹ náà; a kò dárúkọ Thomas nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀. Ní ọdún 1976 ni Johns Hopkins ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá, ó sì kú ní ọdún 1985. Ní òde òní, ọ̀pọ̀ dókítà ń fi orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pe iṣẹ́ náà.

Ní ọdún 1947, Dókítà Taussig tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí gbogbo àbùkù ọkàn tí a lè bí mọ́ ọmọ, àti bí a ó ti mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1949, òun àti Dókítà Richard Bing ṣàpèjúwe àbùkù kan tí ó kan ipò iṣan ẹ̀dọ̀fóró, tí a ń fi orúkọ wọn pè títí di òní. Ní ọdún 1959 ni a tó fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n pátápátá. Ní ọdún 1962, ó lọ sí Jámánì láti wádìí oògùn thalidomide, tí ó ń mú kí àwọn aboyún bí ọmọ tí kò ní apá tàbí ẹsẹ̀ tí ó pé. Nígbà tí ó padà, ó kìlọ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà nípa rẹ̀. Ní ọdún 1964, Ààrẹ Lyndon Johnson fi àmì ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ fún ará ìlú dá a lọ́lá. Ní ọdún 1965 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọkàn Amẹ́ríkà. Kò lọ́kọ, kò bímọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó tọ́jú a máa kọ ìwé sí i títí tí wọ́n fi dàgbà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1986, ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ó pé ẹni ọdún 88.

Ìmọ̀ ti tẹ̀ síwájú lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1953, Inge Edler àti Hellmuth Hertz, ní ìlú Lund ní ilẹ̀ Sweden, fi ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wo ọkàn. Láti ara iṣẹ́ wọn ni ẹ̀rọ tí a ń gbé lé àyà ọmọ lónìí ti wá, tí ń fi ọkàn hàn láìsí ìrora. Obìnrin tí kò gbọ́ ìró ni ó ṣáájú, ìró tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ni ó sì tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1954, Walton Lillehei ní Minneapolis ṣí ọkàn gan-an, ó sì tún àbùkù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti Fallot ṣe. Ẹ̀rọ CT pẹ̀lú wà nísinsìnyí, tí ó lè fi gbogbo ẹ̀ka iṣan ẹ̀dọ̀fóró hàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. A lè fi rí ẹ̀ka tí kò sí, èyí tí ó há, àti èyí tí ó ṣìnà, tí ó lọ́ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun tí ọmọ kò fi lè mí dáadáa.

Ní ilẹ̀ wa, a ṣí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn ní ọdún 1957, a sì ti ṣí ọkàn ṣe iṣẹ́ abẹ ní Enugu láti ọdún 1974. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀wọ̀, tí kò jìnnà sí Imoru. A mọ̀ pé ọ̀nà kò dára, a sì mọ̀ pé owó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí ọmọ lè gbà dé ibẹ̀ bí kò bá sí ẹni tí ó kọ́kọ́ kíyè sí i ní ìlú rẹ̀. Ta ni ó sì ń rí ọmọ bí ó ti ń sáré, bí ó ti ń ṣeré, ní ojoojúmọ́, bí kò ṣe olùkọ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà tí a bá pín wa káàkiri, tí ọmọ kan bá ń lóṣòó nígbà tí àwọn yòókù ń sáré, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ bí a ti ṣe. Ẹ ní kí ó yọ ahọ́n rẹ̀. Ẹ wo ètè rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, nítorí pé lára àwa adúláwọ̀, ibẹ̀ ni àwọ̀ aró ti í hàn. Bí ẹ bá rí i, ẹ ránṣẹ́ pe bàbá àti ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ Imoru náà lóṣòó níwájú wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ojú wa sì wà lára rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n a kò rí i.